Ta Ni Ó Kọ́ Ọmọ Pé Ọkùnrin Kì Í Sunkún?

  Ẹni tí ó bá ń já ewédú lọ́wọ́, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, kí ó máa já a lọ. Ọwọ́ ni iṣẹ́ ń lò, etí ni èmi ń fẹ́.

Ìtàn kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi nínú rẹ̀. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti kọ́ni rí, àwọn ọmọ méjì ń sáré ní àkókò ìsinmi. Wọ́n kọlu ara wọn, àwọn méjèèjì ṣubú, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́kún. Ọmọbìnrin ni ọ̀kan, ọmọkùnrin ni èkejì. Wọn kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Mo gbé ọmọbìnrin náà dìde, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, mo ní, “Pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Má sunkún mọ́.” Nígbà tí mo kọjú sí ọmọkùnrin, ohùn mi yí padà. Mo ní, “Dìde ńbẹ̀! Ọkùnrin kì í sunkún.” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì dákẹ́ wẹ́lo.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ọmọkùnrin yìí kan náà fi ẹsẹ̀ tẹ ìṣó. Kò sọ fún mi, kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ bo ojú egbò, ó ń rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ti wú, ara rẹ̀ gbóná bí iná, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yọ ọ́. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò, mo bi í pé, “Èé ṣe tí o kò sọ fún ẹnikẹ́ni?” Ó wò mí lójú, ó ní, “Ẹ̀yin ni ẹ ní ọkùnrin kì í sunkún, sà.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè: báwo ni ọmọ ṣe ń mọ ohun tí ọkùnrin ń ṣe àti ohun tí obìnrin ń ṣe? Ṣé ó bá wọn wá sáyé ni, àbí a kọ́ ọ? Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń wádìí ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò pa pọ̀, kí a sì fi wọ́n ohun tí ojú wa ń rí nínú ilé tiwa.

Ohun kan dájú: kò sí ọkùnrin tí kò sunkún wá sáyé. Bí ọmọkùnrin bá bọ́ sílẹ̀ tí kò ké, ẹ̀rù a ba agbẹ̀bí, a sì wá ọ̀nà tí yóò fi ké. Gbogbo ilé ni í yọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ẹkún rẹ̀. Nígbà wo ni ẹkún tí a fi yọ̀ wá di ohun ìtìjú?

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹ̀kọ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni àwọn bàbá wa ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Ẹ wá gbọ́ oríkì tí wọ́n ń fún wọn. Ọkùnrin ni Àjàní, ẹni tí a jà kí a tó ní. Ọkùnrin ni Àjàgbé, ẹni tí a jà gbé. Obìnrin ni Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kí a lè kẹ́ ẹ. Obìnrin ni Àṣàkẹ́, ẹni tí a ṣà láti kẹ́. Ọmọ kò tíì lè jókòó, a ti pín ìjà fún ọ̀kan, a ti pín ìkẹ́ fún èkejì.

Nígbà tí ó bá ń rìn, ẹ̀kọ́ náà ń bá a lọ. Ọmọbìnrin fi aṣọ pọn ọmọlángidi sẹ́yìn, ìyá ní, “Ìyàwó mi, o kú ìtọ́jú ọmọ.” Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà pọ̀n ọ́n, ilé fi ṣe ẹ̀rín. A ní kí ọmọbìnrin kó ẹsẹ̀ jọ bí ó bá jókòó. Ọmọkùnrin lè na tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Àní ìyìn ẹnu wa pàápàá ń kọ́ ọmọ. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ takuntakun, a ní ọkùnrin mẹ́ta ni. Bí a bá pe ìyá kan ní “obìnrin bí ọkùnrin,” inú rẹ̀ a dùn. Ẹ wá pe bàbá kan ní “ọkùnrin bí obìnrin,” kí ẹ wo bí yóò ti gbà á. Ọmọ tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ń gbọ́, ó sì ń fi ọgbọ́n tirẹ̀ wọn èyí tí ó níyì jù.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ọdún 1976, ní Amẹ́ríkà, tọkọtaya ọ̀mọ̀wé kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Condry fi fíìmù ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan han àwọn ènìyàn tí ó lé ní 200. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ọkùnrin ni ọmọ náà, wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé obìnrin ni. Nínú fíìmù náà, ọmọláńgbà kékeré kan fò yọ láti inú àpótí, ọmọ náà sì fi igbe ta. Àwọn tí ó rò pé ọkùnrin ni sọ pé inú ni ó ń bí i. Àwọn tí ó rò pé obìnrin ni sọ pé ẹ̀rù ni ó bà á. Ọmọ kan náà ni, igbe kan náà ni. Ojú tí a fi wò ó ni ó yàtọ̀. Nígbà tí mo rántí àwọn ọmọ méjì tí ó ṣubú níwájú mi, mo mọ̀ pé èmi náà wà lára àwọn tí ń wo fíìmù yẹn.

Ẹnìkan lè wí pé, “Tísà, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà, bí Elédùmarè ti dá wọn nìyẹn.” Ó dára, ẹ jẹ́ kí a rìn díẹ̀. Ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo, iṣẹ́ obìnrin ni aró; àwọn ìyá ni ó ń pa àdìrẹ láró láti ìgbà àwọn ìyá wọn. Ẹ gòkè lọ sí Kánò, sí ìdí kòtò aró Kofar Mata tí wọ́n ní ó ti wà láti ọdún 1498: ọkùnrin ni ẹ ó bá níbẹ̀ tí ó ń ti aṣọ bọ inú aró. Ẹ̀wẹ̀, ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ọkùnrin ni ó ń hun aṣọ òkè tẹ́lẹ̀ lórí òfì tí a tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ, obìnrin sì ni ó ń hun kíjìpá lórí òfì tí a gbé nà dúró. Lónìí, àwọn obìnrin pẹ̀lú ti jókòó sídìí òfì aṣọ òkè, aṣọ náà kò sì já. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni aró wà, kì bá tí yí padà láti Òṣogbo dé Kánò.

Àní ọ̀mọ̀wé wa kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, kọ ìwé kan ní ọdún 1997 tí ó fi sọ pé, ní ayé àwọn baba ńlá wa, ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tí ó jẹ́ àbúrò ṣe pàtàkì ju ẹni tí ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin lọ. Ó tọ́ka sí èdè wa: “ó lọ,” “ó dé,” a kò ya ti ọkùnrin sọ́tọ̀ sí ti obìnrin. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn bá a jiyàn, wọ́n sì ní ẹ̀rí tiwọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé èdè wa kò mọ iyì àgbà.

Ó wá ku ìbéèrè kan: ọ̀nà wo ni ẹ̀kọ́ yìí ń gbà wọ ọmọ lára? Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ là sílẹ̀.

Èkíní ni ti Sigmund Freud, oníṣègùn ará Vienna tí ó kú ní ọdún 1939. Ó ní, láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ọmọkùnrin a máa bá bàbá rẹ̀ du ìfẹ́ ìyá nínú ọkàn, ẹ̀rù bàbá a sì máa bà á. Nígbẹ̀yìn, a gbé ìwà bàbá wọ̀ bí ẹ̀wù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò gba èyí mọ́, nítorí pé ó ṣòro láti dán wò. A sì ń rí ọmọkùnrin tí ìyá nìkan tọ́ tí ó di géńdé gidi láàárín wa.

Èkejì ni ti Albert Bandura ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Ó ní ọmọ ń wo àgbà, ó sì ń ṣe bí àgbà. Ní ọdún 1961, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ 72 jọ, ọkùnrin 36, obìnrin 36. Àwọn kan nínú wọn wo àgbà tí ó ń lu ọmọlángidi ńlá kan tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọlángidi, àwọn tí ó rí ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Àwọn ọmọkùnrin lù ú ju àwọn ọmọbìnrin lọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n rí tí ó lù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí Bandura ṣe ní ọdún 1965. Ó fi irú ìlù bẹ́ẹ̀ han àwọn ọmọ nínú fíìmù, àwọn ọmọbìnrin kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe é tó àwọn ọmọkùnrin. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣèlérí omi èso àti àwòrán fún ọmọ tí ó bá lè fi ohun tí ó rí hàn. Lójú ẹsẹ̀, àwọn ọmọbìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn ọmọkùnrin dọ́gba. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀! Wọn kàn rò pé kò yẹ kí àwọn ṣe é ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọmọbìnrin tí kò nawọ́ sókè nígbà ìṣirò, ó lè jẹ́ pé ó mọ ìdáhùn. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti jẹ́ kí ó rò pé ìdáhùn kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti Lawrence Kohlberg, ní ọdún 1966. Ó ní ọmọ kì í kàn ṣe ìkòkò tí a ń rọ omi sí. Òun náà ń ronú. Ní nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta, ó lè sọ pé, “Ọkùnrin ni mí.” Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ó mọ̀ pé òun yóò dàgbà di bàbá, òun kò ní di ìyá. Síbẹ̀, bí bàbá rẹ̀ bá wé gèlè, tí ó ró ìró, ọmọ náà lè rò pé bàbá ti di ìyá. Ó di nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí méje kí ó tó yé e dájú pé aṣọ kò yí ènìyàn padà. Nígbà tí ó bá ti mọ ẹni tí òun jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá òfin tí yóò tẹ̀ lé kiri.

Ẹ̀kẹrin ni ti Sandra Bem, obìnrin ọ̀mọ̀wé, ní ọdún 1981. Bí mo bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọjà sọ ọ́, n ó ní ọmọ gbé agbọ̀n méjì sínú orí rẹ̀, ó kọ “tọkùnrin” sára ọ̀kan, ó kọ “tobìnrin” sára èkejì. Ohun gbogbo tí ó bá rí, iṣẹ́, àwọ̀ aṣọ, eré, ẹkún, ẹ̀rín, inú ọ̀kan nínú wọn ni ó ń jù ú sí. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti mú ohun tí òun yóò lò láyé, agbọ̀n kan ṣoṣo ni yóò máa ti ọwọ́ bọ̀. Ọmọkùnrin mi tí ó tẹ ìṣó ti ju “mo ń jẹ̀rora” sínú agbọ̀n obìnrin. Ìdí nìyẹn tí kò fi rí i mú lò nígbà tí ó nílò rẹ̀.

Ǹjẹ́ a lè wá sọ pé ilé nìkan ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀? Rárá o. A kò gbọdọ̀ bọ́ sí kòtò ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní Kánádà, ní ọdún 1966, ọmọkùnrin jòjòló kan, ọ̀kan nínú ìbejì, farapa gidigidi níbi tí wọ́n ti ń dá a ní abẹ́. Ọ̀mọ̀wé kan, John Money, gba àwọn òbí rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n tọ́ ọ bí obìnrin, nítorí ó gbà pé títọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún un ní orúkọ obìnrin, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ obìnrin. Money kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yọrí sí rere. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọmọ náà kò dùn rí, àti nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, tí wọ́n sọ òtítọ́ fún un, ó padà sí ìgbé ayé ọkùnrin. Ní ọdún 1997 ni àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn tó tú àṣírí náà síta. Ohun kan wà nínú ènìyàn tí aṣọ àti orúkọ kò lè pa rẹ́. Ara ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ilé ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọmọ pẹ̀lú sì ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ń yàn fún ọmọ, ìyẹn wà lọ́wọ́ wa. Carol Ember, obìnrin ará Amẹ́ríkà, lọ sí ilẹ̀ Kenya láàárín ẹ̀yà Luo, ó sì kọ ohun tí ó rí ní ọdún 1973. Níbẹ̀, iṣẹ́ inú ilé jẹ́ ti ọmọbìnrin. Bí kò bá sí ọmọbìnrin tí ó tó iṣẹ́ nínú ilé, wọ́n a fi í fún ọmọkùnrin: pípọn omi, dídáná, títọ́jú ọmọ kékeré. Ember rí i pé àwọn ọmọkùnrin tí ó ń ṣe iṣẹ́ inú ilé púpọ̀ kì í jẹ gàba lé ẹgbẹ́ wọn lórí bí àwọn ọmọkùnrin yòókù, àní nígbà tí wọn kò sí lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìwà iṣẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ọkùnrin ṣì ni wọ́n.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ilé tí kò sí ọmọbìnrin ni mo dàgbà sí. Mo já ewédú, mo lọ ata, mo wẹ àbúrò. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbé ata sá lọ, kí àwọn ẹgbẹ́ mi má baà rí mi. Ẹ wò ó: iṣẹ́ náà kò wúwo, ìtìjú ni ó wúwo.

Ẹ sì jẹ́ kí n béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹ̀yin ọmọbìnrin. Ta ni ó ń ka owó yára jù ní ọjà? Kì í ha ṣe àwọn ìyá yín ni? Ìyá tí kò rí pẹ́ńsù dì mú rí, a ṣírò èrè orí agbọ̀n tòmátò kí akọ̀wé tó rí ìwé rẹ̀ mú jáde. Báwo ni ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ṣe wá dé ilé-ìwé tí ó ń sọ pé ti ọkùnrin ni ìṣirò? Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò àti bí a ti ń kọ́ni ní ìṣirò ni ó fi ṣe iṣẹ́. Ní ọdún 1963 ni ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1985, ó di Ọ̀gá Àgbà Yunifásítì Benin, kò sì sí obìnrin tí ó ti wà ní irú ipò yẹn rí ní ilẹ̀ wa.

Kí ni kí a wá ṣe? N kò sọ pé kí a sọ ọkùnrin di obìnrin, tàbí kí a pa àṣà rẹ́. Àmọ̀ràn mi kéré. Ẹ̀yin òbí, ẹni tí ó bá jẹun, kí ó mọ abọ́ fọ̀, ìbáà ṣe Àjàní, ìbáà ṣe Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ka iye ìgbà tí ẹ pe ọmọkùnrin dáhùn àti iye ìgbà tí ẹ pe ọmọbìnrin. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ní kí ọmọbìnrin gbálẹ̀. Èmi ṣe é, ojú sì tì mí. Ẹ̀yin ọmọ, bí nǹkan bá ń dùn yín, ẹ sọ. Ẹkún kì í ṣe ojo. Ẹni tí ó sọ ibi tí ó ń dùn ún ni a lè tọ́jú.

Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn padà sí ilé-ìwé, mo dúró níwájú kíláàsì, mo ní, “Mo ṣì yín lọ́nà. Ọkùnrin a máa sunkún. Bàbá mi sunkún níṣojú mi nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò sì dẹ́kun láti jẹ́ bàbá.” Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan, ó kàn tẹ orí ba. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá bá mi lábẹ́ igi, ó ní, “Sà, eyín ń dùn mí.” N kò tíì gbọ́ ìròyìn eyín dídùn tí ó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn àgbà ní, bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Ejò pọ̀ nínú ayé tí àwọn ọmọ wa ń bọ̀ wá bá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ tọkùnrin tobìnrin wọn bí a ti ń di igi mú.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.